Irin Tí Wọ́n Fi Lésà Tẹ̀: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ó Ti Sán?

Fọ́nrán fídíò nípa ẹ̀rọ tó ń fi lésà mọ irin láti inú páúdà ti pọ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára, àríyànjiyàn kan náà ló sì sábà máa ń tẹ̀lé e. Àwọn kan á ní irin tí wọ́n bá tẹ̀ báyẹn kò lè lágbára bí èyí tí wọ́n rọ, pé inú rẹ̀ kún fún ojú sísán. Àwọn mìíràn á dáhùn pé ọkọ̀ òfurufú ti ń fi irú irin bẹ́ẹ̀ fò, pé kámẹ́rà ti wà nínú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ gbogbo ìpele, nítorí náà kò sí ohun tó tún kù láti yẹ̀ wò. Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu apá méjèèjì. Ohun tó da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé àyẹ̀wò tí wọ́n jọ ń pè yẹn kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún irú irin kan kí wọ́n tó gbà pé ó ṣeé tẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà tí lésà ṣì ń jó, méjèèjì sì yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń ṣe fún ohun tó ti jáde tán. Ẹni tó bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ yóò máa fi ìdáhùn ọ̀kan dá èkejì lóhùn.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ń tẹ irin?

Ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ jù a máa tẹ́ páúdà irin tó kúnná sórí pátákó irin kan, kò ní nípọn ju nǹkan bí 0.03 sí 0.06 mìlímítà lọ, lésà a sì yọ́ ibi tí àwòrán inú kọ̀ǹpútà bá ní kó yọ́. Pátákó náà a sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, páúdà mìíràn a tún bò ó, lésà a tún kọjá. Ohun tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré yóò gba nǹkan bí ìpele 1,600 sí 3,300. Ẹni tó bá ti dúró ti wẹ́dà nídìí iṣẹ́ rí ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé iṣẹ́ ìjórin náà ni, àfi pé ibi tó ń yọ́ lẹ́ẹ̀kan kò fẹ̀ tó orí ìṣáná, àti pé irin kan ṣoṣo lè ní irú ojú ìjórin bẹ́ẹ̀ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ilé-iṣẹ́ GE ti Amẹ́ríkà, tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú, wà lára àwọn tó sọ irin títẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé ń sọ. Ẹnu tí epo ń gbà tú sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú wọn tó ń jẹ́ LEAP, tí ì bá jẹ́ nǹkan 20 tí wọ́n jó pọ̀, ni wọ́n tẹ̀ ní ẹyọ kan, ó sì fúyẹ́ ju ti àtijọ́ lọ ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní ọdún 2016. Nígbà tó fi máa di 2021, ilé-iṣẹ́ wọn ní Auburn, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ti tẹ irú rẹ̀ 100,000. Èyí fi hàn pé irin títẹ̀ lè ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Kò fi hàn pé gbogbo irin ló ṣeé tẹ̀.

Kí ló ń mú kí irin sán nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́?

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀, nítorí pé bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ irú àyẹ̀wò tó lè rí i.

Èyí tí àwọn onímọ̀ ń bá jìjàkadì jù ń ṣẹlẹ̀ kí irin tó dì tán. Irin àdàlù kì í dì lójú kan bí omi ṣe ń di yìnyín. Ẹ jẹ́ ká mú alumíníọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 7075, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ara ọkọ̀ òfurufú láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó ń bẹ̀rẹ̀ sí dì ní nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 635, kò sì ní dì tán títí tí yóò fi tutù dé nǹkan bí 477. Ní gbogbo àkókò tó wà láàárín méjèèjì, hóró irin tó ti dì ń dàgbà sún mọ́ ara wọn, omi irin tó kù sì há sáàárín wọn bíi fíìmù tó fẹ́lẹ́. Irin tó ń tutù ń súnkì, èyí tó yí i ká kò sì jẹ́ kó súnkì bó ṣe fẹ́, nítorí náà ó ń fa ara rẹ̀ ya níbi tó rọ̀ jù, ìyẹn ibi tí omi náà wà. Bí omi irin bá ráyè ṣàn wọ ibi tó fẹ́ là, yóò dí i. Bí hóró irin bá ti pa ọ̀nà mọ́ ọn, ibẹ̀ yóò sán.

Ohun méjì ló mú kí èyí burú nídìí ẹ̀rọ tí à ń sọ. Irin ń tutù kíákíá débi pé a lè ka ìwọ̀n 100,000 sí mílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Yàtọ̀ sí èyí, ooru ń gba ìsàlẹ̀ jáde ní gbogbo ìgbà, èyí sì ń mú kí hóró irin máa dàgbà gbọọrọ lọ sókè, kí ọ̀kan náà máa bá a lọ láti ìpele kan sí èkejì. Ààlà tó wà láàárín hóró méjì tó gùn báyẹn jẹ́ ọ̀nà tààrà fún ẹ̀là: tí ó bá ti là nísàlẹ̀, bí lésà ṣe ń fi ìpele kún un ni ẹ̀là náà ń gùn sí i.

Ọ̀nà kejì kò ṣẹlẹ̀ níbi tó ń yọ́ gan-an, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wà, lára irin tó ti dì tẹ́lẹ̀. Àwọn èròjà tó tètè ń yọ́ sábà máa ń kóra jọ sí ààlà hóró irin. Nígbà tí lésà bá ń kọjá lókè, ooru rẹ̀ lè yọ́ ààlà yẹn nìkan láì yọ́ hóró fúnra wọn, ibẹ̀ a sì ya bí ipá bá ti fà á.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti irin tó gan nígbà tó bá tutù, ìyẹn ni pé ó ń fọ́ dípò kó tẹ̀, bíi túńsítìnì, èyí tó wà nínú gílóòbù iná àtijọ́. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní Lawrence Livermore National Laboratory ní California gbé iṣẹ́ jáde nínú èyí tí wọ́n ti fi kámẹ́rà tó yára gan-an ya ojú túńsítìnì bó ṣe ń sán. Lésà ti kọjá, ibi tó yọ́ ti dì, lẹ́yìn náà ni ẹ̀là fò yọ bí irin ṣe ń tutù dé ibi tó ti ń di ohun tó gan. Àwòrán yẹn ṣe pàtàkì nítorí pé ó fi hàn pé ẹni tó bá ń wo ibi tí lésà wà nìkan lè má rí nǹkan kan.

Ẹ̀kẹrin ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù. Àwọn àdàlù níkẹ́lì kan, èyí tí wọ́n fi ń ṣe abẹ́ tọ́báìnì, ìyẹn apá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì tó sì ń gbóná janjan, lè jáde nínú ẹ̀rọ láì sán rárá. Ipá ìfà ti kún inú wọn, nítorí náà wọ́n ní láti gbé wọn sínú iná ìléru kí ipá yẹn lè rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n iná náà ló tún ń jẹ́ kí èròjà líle kan hù nínú irin, èyí tó ń mú kó le kí ipá tó rọlẹ̀, irin a sì sán nínú ìléru.

Ṣé gbogbo irin ló ń sán?

Rárá. Títáníọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe eegun àtọwọ́dá, irin alágbára tí kì í dípẹtà tí wọ́n ń pè ní 316L, àti níkẹ́lì tí wọ́n ń pè ní Inconel 718 kì í sábà fa wàhálà yìí. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi sílíkónì sí, AlSi10Mg, náà rọrùn, nítorí pé kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 40 lọ láàárín ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí dì àti ìgbà tó dì tán, tí ti 7075 sì ju 150 lọ. Àwọn tó nira ni 7075 àti 6061 nínú alumíníọ̀mù, pẹ̀lú àwọn níkẹ́lì tí alumíníọ̀mù àti títáníọ̀mù inú wọn pọ̀, irú bí Inconel 738 tàbí CM247LC. Ó sì dunni pé àwọn tó le jù lọ, tí oníṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fẹ́ jù, ló wà nínú àwọn tó nira yìí.

Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ HRL Laboratories ní Malibu, California, fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature pé irin tó máa ń sán lè ṣíwọ́ sísán. Wọ́n fi èérún sikóníọ̀mù tó kéré gan-an bo hóró páúdà 7075 àti 6061. Nígbà tí páúdà náà yọ́, èérún wọ̀nyí di ibi tí irin tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀ sí dì, hóró kéékèèké sì hù káàkiri dípò àwọn gbọọrọ tí à ń sọ lẹ́ẹ̀kan. Níbi tí hóró kéékèèké bá pọ̀, kò sí ààlà gígùn kan tí ẹ̀là lè tọ̀, irin náà sì lè sún ara rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń súnkì. Airbus, tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú, ti gba ọ̀nà tó jọ ọ́ pẹ̀lú Scalmalloy, àdàlù alumíníọ̀mù tí wọ́n fi skandíọ̀mù sí, àmọ́ skandíọ̀mù gbówó lórí.

Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n má jẹ́ kí irin tutù jù nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Avio Aero, tó jẹ́ ti GE, ń tẹ abẹ́ tọ́báìnì fún ẹ́ńjìnnì GE9X ní Cameri ní Ítálì láti inú àdàlù títáníọ̀mù àti alumíníọ̀mù tó gan púpọ̀. Ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́nì ni wọ́n ń lò dípò lésà, gbogbo páúdà a sì ti gbóná gidi kí wọ́n tó yọ́ èyí tí wọ́n fẹ́.

Ilé-iṣẹ́ kan ní irin òun kún dé 99.9%. Ṣé ìyẹn kò tó?

Kò tó, ibí sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìlóye ti ń wá. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí àyè òfìfo inú irin ti kéré tó. Wọ́n lè rí i nípa wíwọn irin nínú afẹ́fẹ́ kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n nínú omi, gẹ́gẹ́ bí Archimedes, onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìsì, ti là á sílẹ̀ láyé àtijọ́. Ihò tó rí roboto gba àyè, wíwọ̀n sì lè tú u fó. Ẹ̀là tó gùn mìlímítà kan lè má fẹ̀ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, kò gba àyè kankan tó ṣeé kà. Ẹ̀là bẹ́ẹ̀ lè pọ̀ nínú irin tí ìwé rẹ̀ kọ 99.9%. Bẹ́ẹ̀ sì ni ihò roboto kò léwu tó ẹ̀là, nítorí pé orí ẹ̀là tó mú ṣónṣó ni gbogbo ipá tó bá fa irin ń kó jọ sí, láti ibẹ̀ ló sì ti ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tó sì tún tutù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dán irú irin kan wò kí wọ́n tó gbà pé ó ṣeé tẹ̀?

Àwọn oníṣẹ́ ìjórin ló fi ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, Houldcroft ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé irin pẹlẹbẹ kan kalẹ̀ tó ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí egungun ẹja, gígé àkọ́kọ́ kò jìn, àwọn tó tẹ̀lé e ń jìn sí i. Wọ́n á jó àárín rẹ̀ láti orí kan dé èkejì, wọn yóò sì wo bí ẹ̀là ṣe gùn tó kó tó dúró. Ní ọdún 1965, Savage àti Lundin ní Amẹ́ríkà gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Varestraint jáde: bí iná ìjórin ṣe ń lọ lójú irin, ẹ̀rọ a tẹ irin náà kọdọrọ lójijì, wọn a sì ka gígùn gbogbo ẹ̀là tó bá yọ. Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí dòní.

Ìbéèrè tó ń fa àríyànjiyàn ni bóyá ìdánwò tí wọ́n ṣe fún iná wẹ́dà bá lésà tó yára tó báyẹn mu. Àwọn tó ní kò bá a mu sọ pé kí wọ́n kúkú tẹ búlọ́ọ̀kù kéékèèké nínú ẹ̀rọ gan-an, kí wọ́n yí agbára lésà àti eré rẹ̀ padà láti ọ̀kan dé èkejì, kí wọ́n gé wọn sí méjì, kí wọ́n dán ojú rẹ̀ kó máa kọ mànà, kí wọ́n sì fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá ka iye ẹ̀là tó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ yìí lọ́ra, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe kedere tó o. Àwọn mìíràn gbára lé ìṣirò. Sindo Kou ní University of Wisconsin–Madison là á sílẹ̀ ní ọdún 2015 bí a ṣe lè fi bí irin ṣe ń dì ní ìgbẹ̀yìn ṣírò bóyá yóò sán, kí ẹnikẹ́ni tó ra páúdà rárá. Ìṣirò dára fún yíya irin tó léwu sọ́tọ̀ sí èyí tí kò léwu púpọ̀. Kò lè sọ pé ẹ̀yà kan pàtó tó wà lórí tábìlì ti sán tàbí kò sán.

Ipá tó kù sínú irin náà ní ìdánwò tirẹ̀. Ní 2018, NIST, àjọ òṣùwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà, jẹ́ kí wọ́n tẹ ohun kan tó rí bí afárá, wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lára pátákó, wọ́n sì wọn bí ó ṣe ká sókè nígbà tí ipá inú rẹ̀ rí àyè. Wọ́n pe àwọn onímọ̀ káàkiri ayé pé kí wọ́n ṣírò ìdáhùn náà kí èsì tó jáde.

Ṣé CT scan kò lè rí gbogbo rẹ̀?

CT scan irin bá ti ọsibítù mu: ìtànṣán X-ray ń gba inú ohun náà kọjá láti gbogbo ìhà, kọ̀ǹpútà sì ń tò ó pọ̀ di àwòrán. Fún ihò, ó dára púpọ̀. Fún ẹ̀là, ohun méjì ló ń dí i lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni pé kínníkínní tó lè rí sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 sí 2,000 ìbú ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Irin tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 yóò fún un ní àmì tó tó 0.05 mìlímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀là tó tín-ín-rín ju èyí lọ sì lè bọ́ mọ́ ọn lójú. Èkejì ni pé níkẹ́lì tó nípọn ń gbé X-ray mì, àwòrán a sì ṣókùnkùn. Ẹ̀là tí ètè rẹ̀ méjèèjì pa dé mọ́ra ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

Àwọn ọ̀nà yòókù ní ibi tí wọ́n dára sí. Àwọ̀ tó ń wọnú ẹ̀là, tí wọ́n ń fi iná aláwọ̀ àlùkò wò, ń fi ẹ̀là tó yọ sójú hàn, àmọ́ ojú irin títẹ̀ tí wọn kò tíì ha kó dán máa ń hunjọ, àwọ̀ a sì dúró síbi gbogbo. Ohùn tó ga ju èyí tí etí ń gbọ́ lọ ń bá irin pẹlẹbẹ ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ihò àti kọ̀rọ̀ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yan títẹ̀ kò jẹ́ kó ríran jìnnà. Ìyá tó ń ra ìkòkò amọ̀ lọ́jà á fi ìka kàn án kó fi gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí pé ìkòkò tó sán kì í dún bí èyí tó pé. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún irin, wọ́n á mú kó gbọ̀n, wọ́n á sì fi ohùn rẹ̀ wé ti irú rẹ̀ tó dára. Ìyàtọ̀ a hàn, àmọ́ ibi tí ẹ̀là wà lè má hàn.

Kámẹ́rà inú ẹ̀rọ ńkọ́?

Níhìn-ín ni èrò ti yà jù. Àwọn tó fara mọ́ ìṣọ́ inú ẹ̀rọ sọ pé kò sí ohun mìíràn tí a ń rí gbogbo inú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì ń dàgbà: ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ojú lánàá, ó di inú lónìí. Kámẹ́rà ń ya ìpele, ẹ̀rọ atọ́ka ooru ń wọn ibi tó ń yọ́, gbohùngbohùn kan sì lè wà lára pátákó tó ń tẹ́tí sí ìró tí irin ń ṣe bó bá sán. Oak Ridge National Laboratory ní Tennessee ti kọ ètò kọ̀ǹpútà kan, Peregrine, tó ń fi àwòrán ìpele wá àléébù bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ní ilé ìwádìí Argonne, nítòsí Chicago, X-ray tó lágbára ń ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan láti wo inú irin tó ń yọ́, ṣùgbọ́n irin tó fẹ́lẹ́ nìkan ni wọ́n lè gbé síwájú rẹ̀, nítorí náà ilé ìwádìí ni ibùgbé rẹ̀, kì í ṣe ilé-iṣẹ́.

Àwọn tó ń takò wọ́n kò sọ pé kámẹ́rà kò wúlò. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ohun tó ń rí kì í ṣe ẹ̀là. Ó ń rí ooru tó pọ̀ jù, páúdà tí kò tẹ́jú, iná tó tàkìtì, ó sì kù sọ́wọ́ ẹlòmíràn láti fi hàn pé irú àmì bẹ́ẹ̀ ń yọrí sí ẹ̀là. Ìpele tó sán lè tún yọ́ nígbà tí lésà bá kọjá lórí èyí tó tẹ̀ lé e, kí ẹ̀là náà sì pòórá. Èyí tó dán lè sán ní wákàtí kan lẹ́yìn náà. Lójú tèmi, àpẹẹrẹ túńsítìnì tó wà lókè ló mú ẹ̀rí wọn lágbára jù.

Bí irin bá ti sán, ṣé wọn kò lè dí i?

Wọ́n ní ìléru kan tó ń fi gáàsì ágọ́nì fún irin pọ̀ láti gbogbo ìhà nígbà tí irin náà bá gbóná dáadáa, ipá rẹ̀ sì sábà máa ń tó nǹkan bí ìlọ́po 1,000 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Ẹ̀là tó wà nínú pátápátá yóò pa dé, ètè rẹ̀ yóò sì lẹ̀ mọ́ra. Àmọ́ bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́: ẹ̀là tó bá ti yọ ẹnu sójú irin yóò jẹ́ kí gáàsì náà wọlé, ipá inú yóò sì dọ́gba pẹ̀lú ti òde, kò sí ohun tí yóò tì í pa dé.

Kí ni àwọn tó ń fọwọ́ sí i ń béèrè?

NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìn-àjò sí gbangba òfurufú, gbé ìlànà kan jáde ní 2021 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NASA-STD-6030. Ó pín ẹ̀yà títẹ̀ sí ìsọ̀rí A, B àti C gẹ́gẹ́ bí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bó bá já, ó sì ní kí wọ́n máa tẹ irin ẹ̀rí pọ̀ mọ́ ojúlówó nínú ẹ̀rọ kan náà, kí wọ́n lè fa irin ẹ̀rí náà já láti mọ ipò tí ojúlówó wà. Fún ẹ̀yà tó lè pa ènìyàn bó bá sán, òṣùwọ̀n tí NASA ti ń lò tipẹ́ fún àyẹ̀wò ni pé ọ̀nà tí wọ́n yàn gbọ́dọ̀ lè rí ẹ̀là tó tó ìwọ̀n kan ní ìgbà 90 nínú 100, kí ìdánilójú tí wọ́n ní nípa nọ́ńbà yẹn sì tó ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti fi ẹ̀rí èyí hàn, wọ́n nílò ọ̀pọ̀ irin tí ẹ̀là tí wọ́n mọ gígùn rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ṣíṣe irú ẹ̀là bẹ́ẹ̀ sínú irin títẹ̀ ní mọ̀ọ́mọ̀ kò rọrùn, ìyẹn sì ni ìdí tí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké fi ń ráhùn pé owó àyẹ̀wò ń ju owó títẹ̀ lọ. Àwọn tó ń fọwọ́ sí i ń dáhùn pé irin ẹ̀rí tó dára kò ní kí kọ̀rọ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ojúlówó dára, nítorí pé ooru kì í jáde láti ibi méjèèjì bákan náà.

Ó ku ti ìtòtẹ̀léra, èyí tí kò sí nínú fídíò kankan. Nítorí irú ẹ̀là kẹrin tí à ń sọ, tó ń yọ nínú ìléru, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ tí irin jáde nínú ẹ̀rọ kò tó fún àwọn níkẹ́lì wọ̀nyẹn. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe lẹ́yìn tí irin bá ti ti inú iná jáde, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé e kúrò lára pátákó, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ha ojú rẹ̀ kó dán, kí àwọ̀ tó ń wá ẹ̀là tó lè rí ojú tó mọ́ láti ṣiṣẹ́ lé.